Ẹkún Ìyàwó Mi Ni Mo Fi Ṣe Igbe Ẹranko Inú Fíìmù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Èébú yẹn ò ní pẹ́ dé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi tú ilé ara mi ni, torí kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún mi.

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń rìn nínú fíìmù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún kò, kò, kò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mò ń fi ìgò lu tábìlì nínú yàrá kan. Mo tún máa ń ṣe orin abẹ́ fíìmù. Àwọn èèyàn ń pè mí ní Maẹsitíró, ìyẹn àgbà olórin, èmi náà sì gbà pé mo jẹ́ ẹ. Ìyàwó mi nìkan ni kì í pè mí bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń fọ ṣòkòtò mi.

Ọkùnrin kan tó ń ta fóòmù ìbùsùn ló gbé iṣẹ́ náà wá. Ọ̀gá Fóòmù là ń pè é. Ọjà ò yá mọ́, ló bá ní òun fẹ́ ṣe fíìmù àwọn tó ń fò lọ sínú ìràwọ̀. Òun ló kọ ọ́, òun ló ń darí rẹ̀, òun náà ni ọ̀gá ọkọ̀ ojú sánmà inú rẹ̀. Ilẹ̀kùn fìríìjì tó ti bàjẹ́ ni wọ́n fi kan ọkọ̀ náà. Fóòmù tí kò tà ni wọ́n fi ṣe òkè àti àpáta. Ìràwọ̀ ibẹ̀ jẹ́ aṣọ dúdú tí wọ́n dá lu, tí wọ́n tan iná sí lẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ọ̀run á máa jó.

"Maẹsitíró," ó wí fún mi, "o rí bí ọ̀ràn ṣe rí. Ìhòòhò la wà. Ohùn ni kó o fi bò wá. Mo fẹ́ ọkẹ́sítírà gidi, ogójì èèyàn, kí fayolín máa sunkún, kí fèrè máa bú ramúramù."

"Ọ̀gá, inú ibo la máa kó ogójì èèyàn sí?"

"Ìyẹn ò kàn mí. Kí n ṣáà gbọ́ ogójì."

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí. Tísà orin tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ní fayolín kan tó dàgbà jù mí lọ. Mo gbé àga fún un ní igun yàrá, ó ta á. Mo ní kó sún sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó tún ta á. Mo ní kó kọjú sí ògiri, ó tún ta á. Mo wá fi kọ̀ǹpútà kó gbogbo rẹ̀ jọ, Tísà kan di ogójì Tísà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Tísà ní ikọ́, ibi tí orin bá sì ti rọlẹ̀ gan-an ló máa ń hú u. Bí ikọ́ kan ṣe di ikọ́ ogójì nìyẹn.

Tẹ̀rù-tẹ̀rù ni mo gbé e fún Ọ̀gá Fóòmù. Ó dijú, ó gbọ́ orin, ó gbọ́ ikọ́, ó lu itan ara rẹ̀.

"Wọ́n pọ̀ lóòótọ́!" ó ní. "Èèyàn tó pọ̀ báyìí, dandan ni kí wọ́n húkọ́."

Tísà gbìyànjú láti tọ́ ọ sọ́nà. "Ẹ gbọ́ o, kò sí afẹ́fẹ́ lókè ọ̀hún. Ohùn ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí ọkọ̀ bá bú gbàmù níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ nǹkan kan."

Ọ̀gá Fóòmù wò ó bí ẹni ń wo fóòmù tí omi wọ̀. "Tísà, ṣé ìdákẹ́jẹ́ ni kí n gbé fún àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ṣé kò sí ìdákẹ́jẹ́ nílé wọn ni?"

Fún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà, ìkòkò ńlá ni mo lò. Bí omi bá ń hó nínú rẹ̀, tí ọmọrí rẹ̀ ń gbọ̀n, tí o bá fi kọ̀ǹpútà mú kó wúwo díẹ̀, ọkọ̀ ojú sánmà lo gbọ́ yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé ìkòkò kaná, mo gbé máìkì sí tòsí rẹ̀, mo fa wáyà wọ yàrá, mo fi hẹ́dífóònù dí etí mi méjèèjì. Ìyàwó mi wà ní kíṣìnì, ó ń to abọ́ ní jẹ́jẹ́ bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́. Fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló pè láti sọ fún un pé ìyá wọn ti kú.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ gbà á sílẹ̀. Ẹ̀rọ ti wà ní títàn. Ẹkún tí ìyàwó mi sun lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, etí ọ̀tún àti etí òsì mi ló sì gbà wọlé. Mo ju hẹ́dífóònù nù, mo sáré, mo lọ dì í mú.

Ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹbí rẹ̀ títí tí wọ́n fi sin màmá nìyẹn. "Bí fóònù ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí ni ọkọ mi ti dì mí mú. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, màá ti bá ìyá mi lọ." Àwọn àǹtí rẹ̀ á wá máa wò mí bí ọkọ rere. Èmi náà á tẹrí ba.

Ó yẹ kí n pa ohùn yẹn rẹ́. Mo mọ̀. Àmọ́ ìkòkò inú rẹ̀ dára jù.

Mo gé ibi tí ìkòkò nìkan wà, mo fi ṣe ẹ́ńjìnì, mo fi ìyókù sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mo ní tó bá yá, màá pa á rẹ́. Ẹ̀yin náà mọ "tó bá yá," kì í yá.

Ẹranko ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Nínú fíìmù náà, Ọ̀gá Fóòmù dé ayé kan tí ẹ̀dá olójú kan ń gbé. Fóòmù ni ẹ̀dá náà, ọkùnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn sì ń bára wọn jà, wọn kì í sọ̀rọ̀. Ìyá ni ẹ̀dá yìí, ó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri. Ọ̀gá Fóòmù á yìnbọn lù ú, á ké, á kú, àwọn òǹwòran á sì sunkún. Ètò rẹ̀ nìyẹn.

Mo gbé igbe ewúrẹ́ fún un, mo ti fà á gùn.

"Ewúrẹ́ nìyí," ó ní. "Mo mọ ewúrẹ́."

Mo wọ́ àga nílẹ̀. "Àga nìyí." Mo ké fúnra mi títí ọ̀fun mi fi bó. Ó fetí sí i dáadáa. "Ìwọ nìyí," ó ní, "ó sì dà bíi pé inú ń run ẹ́."

"Ọ̀gá, kí lẹ wá fẹ́ gan-an?"

"Mo fẹ́ igbe tí èèyàn á gbọ́, tí á rántí ìyá rẹ̀. Bí o ò bá lè ṣe é, sọ. Ẹnì kan wà ní òdìkejì títì tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tóbi ju tìẹ lọ."

Ẹnu òun ló ti jáde o. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ dárúkọ ìyá.

Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ń yẹ gbogbo ohun tí mo ní wò. Mo débi ohùn ìkòkò. Ọwọ́ mi dúró. Mo ní, "Rárá o." Mo dìde, mo mu omi. Mo padà wá jókòó. Mo ní, "Kí n ṣáà gbọ́ ọ lásán." Ẹni tó bá ti ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lásán, ẹ mọ ibi tó ń lọ.

Mo gé ibi tí ìyàwó mi ti ké. Mo yí i padà, ìparí rẹ̀ di ìbẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ di ìparí, tí ẹnikẹ́ni ò fi lè mọ ọ̀rọ̀ kankan mú nínú rẹ̀ mọ́. Mo fà á gùn kó lè wúwo. Mo fi fayolín Tísà sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo irun ara mi dìde. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o gbọ́n o!" Orí mi wú. Erùpẹ̀ tí wọ́n fi bo ìyá ìyàwó mi ò tíì gbẹ.

Ọ̀gá Fóòmù gbọ́ ọ, ó sunkún. Abọ́ ìfọṣọ tó fi ṣe akoto ojú sánmà ló dé mọ́jú kí a má bàa rí i. Tísà nìkan ni kò yìn mí.

"Kí lo fi ṣe èyí?" ó bi mí.

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kọ̀ǹpútà tí ìyá rẹ̀ kú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó kó fayolín rẹ̀ sínú àpótí, ó ní kí n bá òun kí ìyàwó mi.

Ọ̀gá Fóòmù fi igbe náà polówó fíìmù. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti wọ orí fóònù gbogbo èèyàn. Àwọn awakọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ láti fi lé èèyàn kúrò lójú ọ̀nà, àwọn ọmọléèwé ń fi dẹ́rù ba ara wọn. Aránṣọ ni ìyàwó mi. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fi igbe náà ṣe ohùn ìpè fóònù. Nígbàkúgbà tí wọ́n bá ti pe ọmọbìnrin náà, ìyàwó mi á fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí fún mi bí a ṣe ń jẹun, "igbe ẹranko yín yẹn, kí lẹ fi ṣe é?"

Ojú mi bọ́ sára ilẹ̀kùn. "Ilẹ̀kùn ni," mo ní. "Ilẹ̀kùn tí kò lépo."

"Ilẹ̀kùn ilé wa níbí?"

"Ẹ̀n... ilẹ̀kùn wa náà ni."

"Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, àyà mi á já. Á kàn máa ṣe mí bíi kí n sunkún."

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló dára," mo ní. Ẹ gbọ́ ẹnu èmi náà!

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú agolo epo. Ó ti fi epo sí gbogbo ilẹ̀kùn ilé, títí kan ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní bóyá ara òun á balẹ̀. Mo bá a di agolo náà mú. Ẹ bá mi sọ ọ́, irú èèyàn wo nìyẹn?

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ parí fíìmù nígbà tí Ọ̀gá ní ibi tí ẹranko ti kú gan-an, òun ò fẹ́ kí igbe náà wúwo, òun fẹ́ kó mú bí abẹ. Mo yọ fífà tí mo fà á kúrò. Yíyí tí mo yí i padà nìkan ló kù tó bo ohùn ìyàwó mi. Mo gbé e fún agéfíìmù wa, ẹni tí a ń pè ní Sísọ́ọ̀sì. Òun ló ń to àwòrán àti ohùn pọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ọ̀gá Fóòmù rí i pé fíìmù òun kúrú. Ó ní kí ọkọ̀ wọ ihò kan lójú ọ̀run, kí àkókò máa padà sẹ́yìn, kí ọta ìbọn jáde lára ẹranko, kí ẹranko jíǹde. Wọn ò ya nǹkan tuntun kankan. Sísọ́ọ̀sì kàn mú ibi tí ẹranko ti kú, ó yí i padà, àtàwòrán àtohùn. Ó yẹ kó pè mí kí n wá fi ohùn míì síbẹ̀. Ó sì pè mí lóòótọ́. Mo wà ní ilé iṣẹ́ rédíò nígbà náà, wọ́n ń bi mí pé, "Maẹsitíró, ibo lẹ ti rí irú igbe yìí?" mo sì ń fèsì pé, "Ìwádìí ni o. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí ọmọ aráyé." Mi ò gbé fóònù Sísọ́ọ̀sì.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Ohun tí èmi ti yí padà tẹ́lẹ̀, Sísọ́ọ̀sì tún un yí, ó wá tọ́.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn. Ìyàwó mi wọ aṣọ tó fúnra rẹ̀ rán, àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó lápá kejì rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Orin bẹ̀rẹ̀, ikọ́ ogójì dún, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ fìríìjì gbéra, ìkòkò mi ń bú nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹranko ké tó ṣubú, obìnrin kan lẹ́yìn wa ń fa imú. Ìyàwó mi fún ọwọ́ mi pinpin. Mo rò pé ó ń kí mi kú iṣẹ́ ni.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ tíì jìnnà rárá.

Ọkọ̀ wọ ihò. Àkókò yí padà. Ọta ìbọn jáde. Ẹ̀dá fóòmù dìde nílẹ̀, ti ẹ̀yìn ṣáájú ti iwájú, ó yanu, ohùn ìyàwó mi sì jáde níbẹ̀ kedere:

"Yéè! Ìyá mi o! Ìyá mi ti kú o! Ta ni mo tún ní? Ta ni yóò máa pè mí lọ́mọ?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Ẹranko gbọ́ èdè wa!" ẹnì kan pariwo.

"Ìyá ẹranko, ẹ kú ará fẹ́ra kù o!" ẹlòmíì dáhùn láti ẹ̀yìn. Wọ́n ń lu àga, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àǹtí mi," ó ní, "ohùn yín kọ́ nìyẹn?"

Ìyàwó mi rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóòmù tó ń sunkún ìyá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú gbà mí tì débi pé mo ń bẹ ilẹ̀ kó lanu gbé mi mì.

Ó dìde. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí wẹ́rẹ́: "Ilẹ̀kùn lo pè mí."

Òun àti àbúrò rẹ̀ jáde. Kí n tó rí ọ̀nà gbà láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá Fóòmù ti gbá mi mọ́ra. "Maẹsitíró! O ò sọ fún mi pé o fi àwàdà sí i! Èyí gan-an la máa fi polówó!"

Nígbà tó gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, ojú ti òun náà díẹ̀. Ó gbé fóòmù tuntun lọ sílé àbúrò ìyàwó mi láti fi bẹ̀bẹ̀, èyí tó nípọn jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ní kó gbé e padà, kó lọ fi ṣe ọmọ fún ẹranko rẹ̀ tó ń wá ọmọ kiri. Tísà wá sọ́fíìsì, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú fíìmù náà, òun àtàwọn mọ́kàndínlógójì yòókù. Èmi náà yọ igbe yẹn kúrò. Mo fẹ́ fi igbe ilẹ̀kùn gidi rọ́pò rẹ̀, àmọ́ ilé aládùúgbò ni mo ti lọ gbà á sílẹ̀, torí tiwa ò dún mọ́.

Di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ilé àbúrò rẹ̀ ni ìyàwó mi wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ti wá sílé. Ọ̀sán ni. Ó kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ bí àlejò, ó wọlé, ó lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi.

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ," ó ní. "Gbogbo rẹ̀. Èyí tí ẹ ò gé."

Ó ti padà sí "ẹ." Ọkàn mi fò fáyọ̀. "Kí lo fẹ́ gbọ́ ọ fún?" mo ní. "Jẹ́ kí n pa á rẹ́ níṣojú ẹ."

"Ẹ má pa á rẹ́. Inú ń bí mi sí yín kọjá bí ẹ ṣe rò. Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó lọ, mò ń rò ó bọ̀. Ọjọ́ yẹn, kí fóònù tó balẹ̀ lẹ ti dì mí mú. Mi ò gbàgbé. Mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe ń sáré bọ̀. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ yín, bóyá màá lè fi ìyẹn dárí jì yín."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo parọ́ fún yín níṣàájú. Mo ní mo ju hẹ́dífóònù nù, mo sáré. Mo ti pa irọ́ náà fún àwọn àǹtí, mo ti pa á fún gbogbo ẹbí, mo pa á títí èmi fúnra mi fi ń gbà á gbọ́. Ìyàwó mi ò mọ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ò lè mọ bí àkókò ṣe ń lọ.

"Ó máa dùn ẹ́," mo ní. "Jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Ó ti tẹ̀ ẹ́.

Omi ń hó. Abọ́ ń dún fẹ́ẹ́rẹ́. Fóònù dún. Lẹ́yìn náà ni igbe rẹ̀: "Yéè! Ìyá mi o! Ìyá mi ti kú o! Ta ni mo tún ní? Ta ni yóò máa pè mí lọ́mọ?" Ó fọwọ́ bo ẹnu níbi tó jókòó sí. Ohùn rẹ̀ inú ẹ̀rọ ò dúró: "Ọkọ mi o! Ẹ gbà mí! Ẹ máa bọ̀ o!"

Ìgbà náà ni ohùn tèmi jáde láti inú yàrá, ó le koko, inú ń bí i:

"Kí ló dé? Jọ̀ọ́, jáde síta lọ sunkún! Ìkòkò yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dún dáadáa ni!"

Ẹkún inú ẹ̀rọ gé lójijì. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Bí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ẹ máa gbọ́ ẹni tó ki aṣọ bọ ẹnu ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan mọ́ àfi omi tó ń hó àti ọmọrí ìkòkò tó ń gbọ̀n.

Ìyàwó mi ò wò mí. Ó tẹ etí mọ́ ẹ̀rọ.

"Ẹsẹ̀ rẹ dà?" ó bi mí.

"Ó ń bọ̀," mo ní.

Omi ṣì ń hó. A jókòó síbẹ̀, èmi àti òun, à ń retí mi.